Raili, Ẹni Tó Yọ Ilẹ̀kùn Ilé Ooru

Ẹ̀yin tí Raili kó jọ, ẹ kú àfẹ́kù. Ẹ kú ìrìn yìnyín, ẹ kú ìdúró nínú òtútù létí sàréè. Tuovi, ìwọ tí o bá a sùn tí o bá a jí fún ọdún mọ́kànlélógójì, kí ilé má tutù jù fún ọ. Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tí ẹ wá láti àríwá, ẹ kú ìrìnàjò. Ẹ̀yin ará wa adití tí ẹ jókòó sọ́wọ́ iwájú kí ẹ lè rí ọwọ́ ògbufọ̀ dáadáa, mo kí yín. Kọfí ṣì wà. Búrẹ́dì onípele tí Hodan ṣe ti ń lọ sílẹ̀, mo sì rí àwọn tó bù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ ẹ́. Raili kì í ka oúnjẹ mọ́ èèyàn lẹ́nu.

Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ilpo tó ń tún bọ́ọ̀sì ṣe ni mí, ilé ìwé girama ni mo ti dá ìwé dúró. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ ọ́ tí mo fà á ya. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ sọ lójú gbogbo yín lónìí, kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹ ó yan ẹni tí yóò jókòó sí àyè Raili gẹ́gẹ́ bí olórí ẹgbẹ́ wa. Ẹ mọ̀ pé orúkọ mi nìkan ló wà lórí ìwé. Tí mi ò bá sọ nǹkan yìí, mi ò ní lè jókòó síbẹ̀. Tí mo bá sì sọ ọ́, bóyá ẹ̀yin ni ẹ ò ní jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀. Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Raili.

Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde ni, ó sì tọ̀nà bó ṣe kó jáde, torí irọ́ ni mo fi fẹ́ ẹ. Mo gbọ́ pé ilé onígi kan wà létí adágún ní Tampere níbí tí àwọn ẹni bíi tèmi ti ń pàdé. Mo lọ. Mi ò lè wọlé. Mo kọjá níwájú ilé náà, mo lọ dé igun, mo padà. Mo tún kọjá. Yìnyín ń bọ́. Nígbà tí mo kọjá lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin kúkúrú kan tó dé fìlà onírun jáde sí mi, ó mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́.

Ó ní, “Ìwọ, ṣé wàá máa lọ síwá sẹ́yìn báyìí títí ni?”

Mo ní, “Mo kàn ń kọjá lọ ni.”

Ó ní, “Mo rí i. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Gba ṣọ́bìrì. Bí o ṣe ń kọjá lọ yẹn, máa kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà. Kí ẹsẹ̀ rẹ kúkú wúlò.”

Mo kó yìnyín láti ẹnu ọ̀nà dé títì, mo kó o láti títì dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tí mo kó o dé orí àtẹ̀gùn, mi ò rí yìnyín kankan kó mọ́. Raili ní, “Ó ti tán. Wọlé.” Bí mo ṣe wọ inú ẹgbẹ́ yìí nìyẹn o. Kò bi mí ní ohun tí mo jẹ́. Ó bi mí bóyá ọwọ́ mi ti kú.

Ẹ máa rántí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá olóyè sọ̀rọ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an ló fẹ́ kí gbogbo wa máa pè, àgbà, ọmọdé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀ lónìí, kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí mo wọlé, ẹgbẹ́ mẹ́fà ló ń lo ilé yẹn. Àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ní ọjọ́ tiwọn. Àwọn obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin ní ọjọ́ tiwọn. Àwọn tí wọ́n kọ “obìnrin” sí ìwé ìbí wọn, tí wọ́n sì mọ̀ pé ọkùnrin ni àwọn, àtàwọn tí ọ̀rọ̀ tiwọn gba òdìkejì, ní igun tiwọn. Kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́fà, àgádágodo mẹ́fà. Ìkòkò kọfí mẹ́fà, ẹ̀yin èèyàn mi! Àwa tí ayé tì síta, a wá ń ti ara wa síta. Ọkùnrin kan ń pariwo lé obìnrin kan lórí nítorí ó fi ìkòkò ẹgbẹ́ wa se kọfí. Raili jókòó, ó ń wò wá. Ó ní, “Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ẹ̀yin wá di ìyẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan mú, ẹ ní ẹyẹ ni yín.”

Ọ̀nà tí Raili ń gbà ṣiṣẹ́ rèé: kò pe ẹnikẹ́ni wá síbì kan rí kí òun tó kọ́kọ́ lọ jókòó nílé onítọ̀hún. Hodan, dìde kí wọ́n rí ọ. Hodan àtàwọn obìnrin tó wá láti Sòmálíà, tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn, tí wọn ò sì lè jẹ́ kí àdúgbò wọn mọ̀ nígbà náà, inú kíṣìnnì Hodan ni wọ́n ti máa ń pàdé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Raili lọ síbẹ̀, tó mu kọfí, tó jẹ ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀, tó dìde, tó lọ. Hodan fúnra rẹ̀ ló sú.

Ó ní, “Màmá àgbà, ṣé kò sí kọfí nílé yín ni?”

Raili ní, “Ó wà. Kò dùn tó tìrẹ.”

“Kí lẹ wá fẹ́ gan-an?”

“Mo fẹ́ mọ ohun tí yóò lé yín sá, kí n tó ní kí ẹ wá.”

Hodan sọ ọ́ fún un: fọ́tò ni. Àtìgbà yẹn ni a kì í ti í ya fọ́tò nínú ilé wa àyàfi tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bá gbà. Àwa ọkùnrin kùn. Èmi gan-an kùn. Mo ní, “Ṣé ẹgbẹ́ òkùnkùn la wá ń ṣe ni?” Raili ní, “Ilpo, ẹni tó kọjá níwájú ilé lẹ́ẹ̀mẹta torí ẹ̀rù, òun ló ń bínú sí ẹni tí ẹ̀rù ń bà?”

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún àwọn adití. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè ọwọ́. Ìka rẹ̀ le bí igi gbígbẹ. Saija tó jẹ́ olórí wọn sọ fún un pé tó bá ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ó dà bí ẹni tí oyin ń lé. Raili rẹ́rìn-ín, kò sì dáwọ́ dúró. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: Saija ń tún ìka rẹ̀ ṣe, òun ń kọ́ Saija bí a ṣe ń bá àwọn ará ọ́fíìsì ìlú jà. Bí a ṣe di ẹgbẹ́ kan lábẹ́ òrùlé kan nìyẹn. Ìkòkò kọfí kan ló kù. Ó tóbi, ó sì ń jò.

Mo ti dé ibi tí mò ń lọ wàyí. Bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran.

Ẹ mọ ilé ooru tó wà lẹ́yìn ilé wa. Raili ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ààrò rẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé ní Ọjọ́bọ̀, ẹni tó bá wù á ń wọbẹ̀, á jókòó sórí pákó, wọ́n á da omi sórí òkúta gbígbóná, ooru á gba gbogbo ibẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, a máa ń sọ pé inú ilé ooru kò ní ọ̀gá, kò ní ọmọṣẹ́, torí pé ìhòòhò ni gbogbo wa wà. A gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ìgbàgbọ́ yẹn ló kó bá wa. A jókòó síbẹ̀, a ń sọ pé gbogbo wa dọ́gba, a ò sì bojú wo ẹni tí kò sí níbẹ̀. Hodan ò lè bọ́ra sílẹ̀ níwájú ọkùnrin. Ọmọkùnrin wa kan wà tí kò tíì fẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni kan àyà òun. Saija ńkọ́? Iná kékeré kan ló ń tàn níbẹ̀, gbogbo wa sì kọjú sí ààrò, a ò kọjú síra. Ta ló máa rí ọwọ́ ta? Ògbufọ̀ ti lọ sílé rẹ̀.

Lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ìpàdé fẹnu kò pé Saija ni yóò ṣí ìwọ́de wa ti oṣù Kẹfà. Yóò fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ lórí pèpéle, ògbufọ̀ yóò sì máa fi ẹnu gbé e jáde. Gbogbo wa ló gbà, a pàtẹ́wọ́ ti àwọn adití, a gbé ọwọ́ sókè, a jù wọ́n. Lẹ́yìn náà ni àwa márùn-ún wọ ilé ooru. Raili wà níbẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ni igbá omi wà.

Mo da omi sórí òkúta. Mo ní, “Ẹ gbọ́ ná. Saija yẹn, ṣé ẹ rò pé ó máa dáa? Èrò á pọ̀. Wọ́n á dúró, wọn ò ní mọ ibi tí wọn ó wò.”

Ẹnì kan ní, “Ta ni ká wá lò?”

Mo tún da omi sí i. Mo ní, “Èmi lè ṣe é.”

Kò sẹ́ni tó fèsì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nínú ilé ooru, ẹni tó bá dákẹ́ ti gbà. Ìwé ètò ìwọ́de jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, orúkọ mi ló wà níbi tí orúkọ Saija yẹ kó wà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ ni mo pa nípa èrò tó máa dúró. Bàbá mi ni ìdí ọ̀rọ̀ náà. Bàbá mi, tí kò bá mi sọ ju “báwo ni” lọ fún ọdún mẹ́tàdínlógún, ti pè mí lórí fóònù pé òun máa wá wo ìwọ́de wa. Mo fẹ́ kó bá mi lórí pèpéle. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè tí mo fẹ́ dúró sí kí bàbá mi lè rí mi, àyè ẹlòmíràn ni.

Ọjọ́ pé. Mo sọ̀rọ̀, èrò hó yèè. Mo wá wo apá òsì, mo rí Saija àtàwọn adití bí ogójì. Gbogbo wọn ki ọwọ́ bọ àpò. Ẹ má gbàgbé ohun tí ìyẹn jẹ́ o. Adití tó bá ki ọwọ́ bọ àpò ti pa ẹnu rẹ̀ dé. Ogójì ẹnu ló pa dé lójú mi, mo sì sọ̀rọ̀ parí. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi wá bá mi, ó di fìlà rẹ̀ mú. Ó ní, “O sọ̀rọ̀ dáadáa.” Ó wọ bọ́ọ̀sì padà sí abúlé. Ó kú lọ́dún kejì. Kò yìn mí rí kó tó dìgbà yẹn, kò sì tún yìn mí mọ́. Mo ti gbìyànjú láti kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn nítorí ibi tí mo ti rí i. Mi ò lè kórìíra rẹ̀. Ó dùn, ó sì korò, ẹnu kan náà ni mo fi ń tọ́ ọ wò.

Nígbà tí a tún pàdé, Saija dìde. Ògbufọ̀ ń sọ ọ́ jáde: “Mo wà ní ìpàdé. Mi ò jáde rárá. Níbo lẹ ti pinnu rẹ̀?”

Ẹnì kan fèsì pé nínú ilé ooru ni.

“Ta ló dá a lábàá?”

Mo wo inú kọ́ọ̀pù mi. Mo wò ó bí ẹni tí ẹja wà nínú kọfí rẹ̀. Raili ló fọhùn. Ó ní, “Gbogbo wa ni. Mo wà níbẹ̀, Saija. Mo gbọ́, mo dákẹ́. Tí mo bá ti dákẹ́, èmi náà ló sọ ọ́.”

Saija kó àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n lọ. Hodan àtàwọn tirẹ̀ tẹ̀ lé wọn ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Hodan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ ti ní kí n má bẹ̀rù yín. Mo gbà yín gbọ́. Ẹ ṣeun.” Ẹ wò ó, “ẹ ṣeun” yẹn ṣì ń ta mí lára di òní.

Ní ọjọ́ kejì, Raili gbé sukurudiráfà wá. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin! Ó tú ilẹ̀kùn ilé ooru kúrò lára férémù, ó wọ́ ọ gba orí koríko wọnú yàrá ìpàdé, ó gbé e lé orí ẹsẹ̀ tábìlì, ó sì gbé ìkòkò kọfí lé e. Mo bá a níbẹ̀.

Mo ní, “Raili, kí lo ń ṣe yìí?”

Ó ní, “Mò ń tẹ́ tábìlì.”

“Ilé ooru ńkọ́? Ooru á máa jáde!”

“Kó jáde. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde níbẹ̀ ni mi ò fẹ́ mọ́. Ẹni tí a fi ilẹ̀kùn yìí tì síta, òun ni yóò gbé e padà. Títí di ìgbà náà, èmi náà ò wẹ̀ níbẹ̀.”

Ọdún kan àtoṣù mẹ́rin! Obìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ààrò yẹn ń fi omi bókẹ́ẹ̀tì wẹ̀ nílé. Tuovi, ìwọ mọ bó ṣe ń kùn. Ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń lọ sí ilé ìpàdé àwọn adití ní Ọjọ́rú, ó ń jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ sókè sí i. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n fún un ní àga tó dáa. Òun ló wá lọ sí kíṣìnnì Hodan náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí kọfí.

Nígbà tí Saija padà, ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́: ohun tí a kò bá sọ lórí tábìlì, lójú iná, lójú gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, a kò sọ ọ́. A kọ ọ́ sí ògiri. Òun àti Hodan ló gbé ilẹ̀kùn náà padà, Hodan di ìsàlẹ̀ mú, Saija ń fi sukurudiráfà dè é mọ́ férémù. Raili dúró tì wọ́n, ó ní wọ́n gbé e wọ́, wọ́n ní kó lọ jókòó. Lọ́jọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ wa di ẹgbẹ́ ní tòótọ́. Ti tẹ́lẹ̀, ìkòkò kọfí la kàn jọ ń lò.

Àmọ́ ìbéèrè Saija ò ní ìdáhùn. Ta ló dá a lábàá? Ọdún márùn-ún ni mo ti jókòó ti ìbéèrè yẹn. Àwọn mẹ́ta tó kù ti kó kúrò ní ìlú. Raili ò sọ. Nígbà tí mo lọ kí i lórí bẹ́ẹ̀dì lóṣù tó kọjá, ó ní, “O ti sọ fún un?” Mo ní rárá. Ó ní, “Èmi ò ní gbé ẹrù rẹ lọ o. Tèmi tó mi. Tí o bá sì dìde sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, má fi oore mi bo ara rẹ lójú wọn.”

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi lọ fún márùn-ún. Saija, wò mí. Ògbufọ̀, jọ̀ọ́, má fi nǹkan kan sílẹ̀. Èmi ni mo dá a lábàá. Kì í ṣe gbogbo wa. Èmi Ilpo ni. Mo gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ kí bàbá mi lè gbọ́ tèmi. Mo sì jẹ́ kí arúgbó kan fi omi bókẹ́ẹ̀tì wẹ̀ fún ọdún kan àtoṣù mẹ́rin, dípò kí n la ẹnu. Mo tọrọ àforíjì. Ní ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo yọ orúkọ mi kúrò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Saija ti dìde. Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ rẹ̀. Èyí tí mi ò bá mọ̀, ògbufọ̀ á bá mi sọ ọ́.

Ó ní òun ti mọ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí òun béèrè, àwọn mẹ́rin ló bojú wo òun tàbí wo ilẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló wo inú kọ́ọ̀pù. Ó ní adití ni òun, òun kì í ṣe afọ́jú.

Ó ní láti ìgbà náà ni òun ti ń dúró dè mí, bí ẹni ń dúró de bọ́ọ̀sì tí Ilpo tún ṣe.

Ẹ rẹ́rìn-ín, ó yẹ mí bẹ́ẹ̀. Tuovi náà ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ dúró, kò tíì parí. Ó ní, “Orúkọ rẹ tí o ní o yọ kúrò yẹn, ta lo bá sọ ọ́? Orí tábìlì wo lo ti sọ ọ́? O tún ti lọ pinnu níbi tí a kò sí.” Ó ní kí orúkọ mi wà níbẹ̀. Ó ní òun náà yóò fi orúkọ òun sílẹ̀. Kí àwa méjèèjì dúró níwájú gbogbo èèyàn, kí a sọ tẹnu wa àti tọwọ́ wa, kí ẹ dìbò, kí ẹni tí ẹ bá fẹ́ jókòó.

Saija, mo gbà. Lójú gbogbo ìjọ yìí, mo gbà. Mi ò ní purọ́ mọ́, mo fẹ́ borí. Àmọ́ bí ìwọ bá borí, èmi ni yóò kọ́kọ́ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè jù wọ́n. Ara mi fúyẹ́ ní wákàtí yìí ju bó ṣe rí ní ọdún márùn-ún lọ. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ni mo wá ṣe, mi ò mọ̀ pé màá sinmi.

Raili, ó yá o. Ọ̀nà tìrẹ là. Kí ilẹ̀ tó le bí òkúta nítorí òtútù yìí rọ̀ fún ọ. Ibi tí ò ń lọ, kí wọ́n má bi ọ́ ní ẹni tí o fẹ́ kí wọ́n tó fún ọ láyè. Bí o bá bá àwọn kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀, jókòó tì wọ́n, o mọ̀ ọ́n ṣe. Má wẹ̀yìn wò wá. Àwọn tí o kó jọ ò tíì tú ká, wọ́n ti ń bára wọn du àyè rẹ lójú gbangba, tẹ̀rín tẹ̀rín, bí ọmọ ìyá. Máa lọ ní tìrẹ. Rọra máa lọ.